Ọkọ̀ Òfuurufú Kì Í Fi Ìyìn Fò

Ní ìlú Òtu, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn, kò sí pápákọ̀ òfuurufú. Bàálù tí àwọn ará ibẹ̀ ń rí kò ju èyí tó ń kọjá lókè réré lọ, tó ń fa ìlà funfun sẹ́yìn bí ẹni fi ẹfun kọ ojú ọ̀run. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti kórè ọkà bàbà tán, tí pòròpórò gbẹ nínú oko, àwọn ọmọdé a máa fi í ṣe bàálù. Wọn a fi èyí tó gùn ṣe ara, wọn a fi ẹ̀gún kan apá mọ́ ọn, wọn a sì máa sáré kiri agbo ilé pẹ̀lú rẹ̀ títí apá náà yóò fi já. Àgbàlagbà tó ń wò wọ́n a rẹ́rìn-ín, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ó dá a lójú pé eré ọmọdé ni, àti pé inú ilé iṣẹ́ ńláńlá ti àwọn òyìnbó nìkan ni bàálù gidi ti ń jáde.

Èrò yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń fò lónìí ni kò ti ilé iṣẹ́ kankan jáde. Inú ilé tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ni àwọn tó ni wọ́n ti kàn wọ́n. Ilé iṣẹ́ bíi Van's Aircraft ní ìpínlẹ̀ Oregon a máa ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà sínú àpótí: páànù aluminium tí wọ́n ti gé, egungun apá, ìrù, àti ìwé tó ń ṣàlàyé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó rà á ni yóò fi ríbẹ́ẹ̀tì de páànù mọ́ egungun, tí yóò so wáyà, tí yóò sì gbé ẹ̀ńjìnnì sí i. Iṣẹ́ náà lè gba ẹgbẹ̀rún wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó ń fi ọjọ́ Sátidé nìkan ṣe é lè lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wọn sọ pé ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ ni ó gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ẹni tó ń kàn án fún ẹ̀kọ́ tàbí ìgbádùn ara rẹ̀ wá. Nígbà tó bá parí, olùbẹ̀wò yóò yẹ ọkọ̀ náà wò fínnífínní kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, àkókò ìdánwò wà, tó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 25 tàbí 40 ní àdúgbò tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, kí awakọ̀ tó lè gbé èrò. Wọ́n a sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ inú ọkọ̀ náà kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kọ́ ló ṣe é.

Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ fi dandan nílò títì tí yóò ti gbéra. Ní Canada àti Alaska, níbi tí adágún odò ti pọ̀ lọ súà, wọn a máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ bàálù bí ènìyàn ti ń pààrọ̀ bàtà. Nígbà ooru, wọn a yọ táyà, wọn a fi ohun méjì tó rí bí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè bà sórí omi. Nígbà òtútù, tí adágún bá dì, wọn a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí imú wọn rọ sókè rọ́pò wọn, kí bàálù lè máa yọ̀ lórí yìnyín.

Kò sí idán kankan níbẹ̀, ìṣirò ni. Ìlànà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni pé kí ọ̀pẹẹrẹ méjèèjì lè gbé gbogbo ìwọ̀n bàálù náà léfòó, kí agbára wọn sì tún fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní yàrá mẹ́rin, ó kéré tán, tí omi kò lè ti inú ọ̀kan wọ òmíràn, kí ó má baà jẹ́ pé ihò kan ṣoṣo ni yóò rì í. Wọ́n a ṣe àkàsọ̀ kan sí abẹ́ rẹ̀ kí omi má baà fà á mọ́lẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Awakọ̀ a sì máa fa omi tó bá jò sínú wọn dànù kí ó tó fò. Nínú àwọn ohun tí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rù, omi tó parọ́rọ́ bíi dígí wà lára wọn, nítorí ojú lásán kì í lè sọ bí ó ti kù tó kí ọkọ̀ kan omi.

Ọ̀rọ̀ bàálù orí omi kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn bàálù ńlá ti ilé iṣẹ́ BOAC, tí omi nìkan ni wọ́n ń bà lé, máa ń dé Èkó. Ní Òkè-Ògùn pàápàá, omi ńlá wà nínú ìdídò Ìkẹ́rẹ́ Gorge lórí odò Ògùn, lágbègbè Ìsẹ́yìn. Yìnyín ni kò sí ní tiwọn. Ọyẹ́ àti eruku rẹ̀ ló wà.

Nàìjíríà náà ti tọ ọ̀nà yìí rí. Ní Kaduna, ilé iṣẹ́ AIEP tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú mú RV-6A, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ inú àpótí ti Van's, ó tún un ṣe, ó sì sọ ọ́ ní Air Beetle. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì ni, tí àwọn ọmọ ogun yóò fi kọ́ bí wọ́n ti ń fò. Àkọ́kọ́ rẹ̀ gbéra ní 1988, 60 sì ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Irú ọkọ̀ tí àgbàlagbà kan ń kàn nínú ilé mọ́tò rẹ̀ ní Oregon ni ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà kàn ní Kaduna. Ẹnikẹ́ni kò tún lè sọ pé ọwọ́ wa kò tó o. Ṣùgbọ́n bárékè ni ìmọ̀ náà wọ̀ sí. Kò dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó wà lẹ́bàá títì, kò sì dé ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ Òtu ń lọ.

Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn ni ìròyìn. Ní 2007, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Bayero University ní Kano fi ẹ̀ńjìnnì Honda Civic àti oríṣiríṣi àlòkù irin ṣe hẹlikọ́pítà. Ó gbéra díẹ̀ kúrò nílẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kan káàkiri ayé. Láti ìgbà náà, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò wọ́n mọ́. Akọ̀ròyìn a dé, a béèrè ọjọ́ orí ọmọ náà, a béèrè iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, a ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Òṣèlú a ṣèlérí. Gbogbo ènìyàn a yìn ín. Ẹyọ ìbéèrè kan tó lè gba ọmọ náà là ni wọn kì í bi í: ta ni ó yẹ iṣẹ́ rẹ wò? Ọ̀rọ̀ kì í kún agbọ̀n, ìyìn kì í sì í gbé apá tí ríbẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dúró. Bí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò bá fò, ọkàn ọmọ náà a dàrú. Bí ó bá fò, ó lè pa á.

Ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa kò jìnnà. Ní Kpong, ní ilẹ̀ Ghana, Patricia Mawuli Nyekodzi wá iṣẹ́ lọ sí pápákọ̀ kékeré kan. Iṣẹ́ ìpagbó ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òfuurufú kékeré, tó gba ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀ńjìnnì Rotax, tó di awakọ̀, tó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn. Ní South Africa, ní 2019, 20 ọ̀dọ́ kan ọkọ̀ Sling 4 láti inú àpótí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹgbẹ́ wọn sì fò ó láti Cape Town dé Cairo. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà onímọ̀ ló fi ẹ̀ńjìnnì sí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Níbi méjèèjì, àgbà kò yin ọmọdé lásán kí ó sì fi í sílẹ̀. Ó dúró tì í.

Ẹnìkan yóò béèrè pé kí ni ará Òkè-Ògùn fẹ́ fi bàálù ṣe, nígbà tí ọ̀nà kò dára tí iná kò sì tó. Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú omi Ìkẹ́rẹ́ Gorge. Láyé ìjọba Shehu Shagari ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdídò yẹn, wọ́n sì ṣèlérí iná mànàmáná àti omi fún oko. Omi dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni iná náà fi jẹ́ ìlérí lásán. Bàálù kì í gba irú ìwà bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ìdá mẹ́sàn-án rẹ̀ nínú mẹ́wàá kò ní fò dé ìdá mẹ́sàn-án ọ̀nà. Ilẹ̀ ni yóò wà. Ẹni tó bá kan ọ̀kan parí ti kọ́ bí wọ́n ti ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ti ń tú iṣẹ́ tí kò dára palẹ̀, àti bí wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ iṣẹ́ ẹni wò láìbínú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìdídò, afárá àti ilé ìwòsàn nílò.

Àpótí kan ṣoṣo ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Polytechnic tó wà ní Ṣakí, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ àti àjọ NCAA tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpele kọ̀ọ̀kan, yóò ṣe ju ọgọ́rùn-ún fọ́tò lọ. Kí ìyẹn tó dé, ohun kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nígbà mìíràn tí apá bàálù pòròpórò bá já lọ́wọ́ ọmọ kan ní Òtu, kí àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín jókòó tì í, kí ó gbé apá náà sókè, kí ó sì bi í pé: "Ibo ni ó ti já, kí ló sì fà á?" Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀.