"Ilé Wọn" Kì Í Ṣe "Their House"

Bí ọmọ Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá tó bí i, "wọn" ni yóò lò: màmá mi àti ṣọ́ọ̀bù wọn, màmá mi àti gèlè wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ìyá náà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ lẹ́nu wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò mọ irú ọ̀wọ̀ yìí. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ nípa olóhun ni pé: ẹyọ ni àbí ọ̀pọ̀? Bí ó bá jẹ́ ẹyọ, ṣé ọkùnrin ni, obìnrin ni, àbí nǹkan lásán? "His" fún ọkùnrin, "her" fún obìnrin, "its" fún nǹkan, "their" fún ọ̀pọ̀. "Rẹ̀" tiwa nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sì rẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi kan nínú ẹbí gbé ìwé kan wá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ ogún ni. Ìyá rẹ̀ ti di olóògbé, àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ̀ sì ń sọ pé ilé tí màmá náà fi owó aṣọ títà kọ́ jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Agbẹjọ́rò ní kí ó kọ ohun tí ó mọ̀ nípa ilé náà sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "My mother built their house in 1994. They used their own money."

Ẹ wo bí gbólóhùn méjì ṣe fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ òkú! Lójú ọmọ, ìyá rẹ̀ nìkan ni "their" ń tọ́ka sí. Lójú ẹni tó bá ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ilé àwọn kan ni màmá náà bá wọn kọ́, owó àwọn náà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ohun tí àwọn mọ̀lẹ́bí ń wí gan-an nìyẹn! Mo fagi lé "their" méjèèjì, mo fi "her" rọ́pò wọn, mo sì sọ "they" di "she". Àbúrò mi wò mí tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n wá máa fi 'she' pe ìyá mi ni?" Ó pẹ́ kí ó tó gbà. N kò dá a lẹ́bi. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń bá a jà.

Àṣìṣe kejì tí mo máa ń rí ni "my brother and her wife". Ìyàwó tó ń bọ̀ níwájú ló ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Olóhun ni kí ẹ wò, ẹ má wo ohun tí ó ní: ẹ̀gbọ́n ló ni ìyàwó, ọkùnrin sì ni, nítorí náà "his wife" ni. Ti àwọn ará wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń fi Faransé kàwé ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tún yàtọ̀ pátápátá. Ní tiwọn, ohun tí a ní ni wọ́n ń wò: "son père", "sa mère", ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ni olóhun.

Ní ti "its" àti "it's", àwọn tó ni èdè gan-an ń ṣì í. Èyí tó ní àmì kékeré lókè dúró fún "it is" tàbí "it has". Èyí tí kò ní àmì ló ń sọ ẹni tó ni nǹkan, gẹ́gẹ́ bí "hers", "yours" àti "theirs" kò ṣe ní àmì. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ dàgbà púpọ̀: nínú Bíbélì King James ti ọdún 1611, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kò sí "its" rárá. "His" tàbí "thereof" ni wọ́n sábà máa ń lò.

Ó wá ku "ìyàwó wa". Ẹnikẹ́ni nínú agboolé lè pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n "our wife" lórí fọ́ọ̀mù físà yóò mú kí òṣìṣẹ́ tó ń kà á gbójú sókè. Níbẹ̀, "my brother's wife" ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ. Nílé, níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó, bí ẹnì kan bá sọ pé "our wife is here", n kì í tún un ṣe.