Òjò Ọ̀nà Jíjìn

A kò tíì rìn dé ìdajì pàlàpálá Antelope Canyon ní Arizona, Amẹ́ríkà, nígbà tí amọ̀nà wa, ọmọ Navajo kan, ní kí a padà síta kíákíá. Mo wòkè: ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ó ní òjò ń rọ̀ níbòmíràn. Òjò níbo, nínú aṣálẹ̀? Owó iṣẹ́ oṣù méjì ni mo fi wá síbẹ̀. Mo ń kùn títí a fi jáde.

Èmi rò pé afẹ́fẹ́ ló gbẹ́ ibẹ̀. Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ ló kó iyanrìn rẹ̀ jọ: ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 190 sẹ́yìn, òkìtì iyanrìn aṣálẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, kó tó dì, tó di òkúta. Ìpẹtà irin tó bo iyanrìn náà ló sọ ọ́ di pupa, bíi ti ilẹ̀ pupa ilé wa. Ṣùgbọ́n omi ló là á. Ilẹ̀ àpáta kì í mu omi bọ̀rọ̀. Àgbàrá á kóra jọ láti ọ̀nà jíjìn, á gbé iyanrìn dání, á máa fi ha ògiri bí ìgbà tí ìyá àgbà ń fi iyanrìn fọ ìdí ìkòkò.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, irú àgbàrá bẹ́ẹ̀ pa arìnrìn-àjò 11 ní apá ìsàlẹ̀ pàlàpálá náà. Òjò tó fà á kò rọ̀ sí wọn lórí.

Tsé bighánílíní ni àwọn Navajo ń pe apá òkè tí a wọ̀: ibi tí omi ti ń gba inú àpáta kọjá. Ó wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti kà á, mo sì ti ká a sápò.