Fíríìsà Mi Ló Ń Da Omi Sí Ẹmu, Kì Í Ṣe Bàbá Adẹ́mu

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń béèrè lọ́wọ́ mi nípa fíríìsà tí mo fi ń ta ẹmu tútù ní Ajah. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa lè rí i kà lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ bí a ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tí mo ṣe. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí láìgbọ́ ìyẹn lè ṣe irú ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Badore. Ìyá Ẹlẹ́mu ni wọ́n ń pè mí. Ẹmu ògùrọ̀ ni mo ń tà, láti inú àbàtà kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, lọ́wọ́ bàbá kan tó ti ń dá ẹmu kí wọ́n tó bí mi. Bàbá ń gun igi, èmi ń tà. Ọdún mẹ́fà gbáko la fi ṣe é báyẹn, a ò bára wa jà rí.

Wàhálà wa ò ju ọ̀nà lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń kán sínú agbè lórí igi báyìí ni àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú ò lè rí, irú èyí tó wà nínú yíìsì búrẹ́dì, ti ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú un hó. Tó bá tún pẹ́ sí i, kòkòrò mìíràn á gba iṣẹ́ ṣe, á sọ ọtí náà di kíkan. Bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ wọn ṣe ń yá tó. Kí mọ́tò tó gbéra ní Ẹ̀pẹ́, kó kọjá Eleko, Bogije, Lakowe, Awoyaya, Abijo àti Sangotedo, kó wá há sínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ajah, ẹmu tó kúrò lábẹ́ igi ní dídùn á ti máa le.

Bí mo ṣe lọ ra fíríìsà tòkunbọ̀ nìyẹn, èyí ńlá tí a ń ṣí lókè. Mo ní wàhálà tán. Tó bá di alẹ́, màá kó kẹ́ẹ̀gì sínú ẹ̀, á dì gbagidi. Tó bá di àárọ̀, màá gbé e síta kó máa yọ́, màá sì máa bù ú tà bó ṣe ń yọ́. Ife àkọ́kọ́ a máa dùn bí oyin. Àwọn oníbàárà ń yìn mí, orí mi ń wú.

Ìdáná kan ní Sangotedo ló tú mi fó. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́rin ni mo gbé lọ. Àwọn àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ bu fún ń ṣàdúrà fún mi. Nígbà tó yá, ìyá ìyàwó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́mu, ṣé omi kànga lẹ bù sínú eléyìí ni?" Mo tọ́ ọ wò. Omi ni lóòótọ́! Wọn ò san owó tó kù, èmi náà ò sì lẹ́nu láti béèrè.

Inú bí mi. Ta ni mo wá gbé ìbínú lọ bá? Bàbá ni. Mo pè é lórí fóònù lójú àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ń da omi sí ẹmu fún mi?" Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, látìgbà wo lo ti mọ̀ mí?" Ó sì pa fóònù. Láti ọjọ́ yẹn, kò tà fún mi mọ́.

Mo wá ń ra ẹmu lọ́wọ́ àwọn tó ń já a lójú títì, èyí tí wọ́n ti fi omi àti saccharin lú. Ó ń dùn lẹ́nu lóòótọ́, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó mọ ẹmu bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ṣọ́ọ̀bù mi níkọ̀ọ̀kan.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sin adìyẹ ní Langbasa tó wá kí mi. Mo ro ẹjọ́ fún un. Ó bi mí pé, "Ṣé gbogbo ẹ̀ ló máa ń yọ́ tán kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú?" Mo ní rárá. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o ò rí àwọn ọmọ tó ń fa sóbò dídì mu ni? Wọ́n á fa pupa rẹ̀ àti adùn rẹ̀ tán, á wá ku yìnyín funfun lásán nínú ọ̀rá."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà. Lọ́jọ́ kejì, mo wá ẹmu gidi tí wọn ò bù là, mo bù ú sínú ìgò ike kan, mo jẹ́ kó dì. Mo wá dorí ìgò náà kodò sórí abọ́. Èyí tó kọ́kọ́ kán dùn, ó sì le. Èyí tó kán kẹ́yìn, omi ni. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí ẹmu bá ń dì, omi inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ di yìnyín. Ṣúgà àti ọtí á sá lọ síbi tí kò tíì dì. Tó bá wá ń yọ́, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣàn jáde. Àwọn àgbà ìdáná yẹn ló mu ẹmu, àwọn tó tẹ̀lé wọn mu omi rẹ̀. Fíríìsà mi ló pín in bẹ́ẹ̀.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá, mo sì ṣàlàyé. Bàbá ní, "Fíríìsà ò lẹ́nu. Ìwọ tó lẹ́nu, o ò fi béèrè, o fi bú mi." Mi ò rí ọ̀rọ̀ fọ̀. Ìyàwó wọn ló bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbà láti máa tà fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ máa ṣe. Màá dé ìyẹn láìpẹ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ fíríìsà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń pọn bíà nílé ló ń ṣe irú èyí, keezer ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì bíà sínú fíríìsà, wọ́n á fi gáàsì tì í jáde láti ẹnu táàpù. Ṣùgbọ́n bíà tiwọn ti hó tán kó tó wọ kẹ́ẹ̀gì, ẹmu tiwa ṣì wà láàyè. Nítorí náà, ẹ má kàn dà á kọ. Bí èmi ṣe ṣe tèmi rèé:

1. Ẹ má jẹ́ kí ó dì. Fíríìsà tí a bá tàn lásán ń lọ sí nǹkan bíi dígírì 18 lábẹ́ òdo. Ibi tí ẹmu ti dáa ni bíi 3 sí 5. Ẹ ra kọ̀ǹtírólà, ẹ̀rọ kékeré tó ń wo òtútù, tó ń tan fíríìsà, tó sì ń pa á fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin olùsìn adìyẹ mọ̀ ọ́n, irú èyí tí ẹ fi ń ṣọ́ ooru ínkúbétọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi ará Langbasa ló fún mi ní tèmi. Kí ẹ ṣáà yí i sí ti òtútù, kó má jẹ́ ti ooru. Mo ní kó pa iná tó bá dé 3, kó tàn án tó bá dé 5, kó sì máa sinmi fún ìṣẹ́jú 5 kó tó tún tàn án, kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ má baà jóná. Ẹ ti orí wáyà rẹ̀ bọ inú ìgò omi kan nínú fíríìsà. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń kà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìdérí lá máa tan iná.

2. Ẹ má lu ara fíríìsà o! Páìpù gáàsì wà nínú ògiri rẹ̀, ẹ ò sì lè rí i lóde. Aládùúgbò mi kan lu tiẹ̀, ó kàn gbọ́ "ṣíìì" ni, fíríìsà kú lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tuntun míì tún wà tó jẹ́ gáàsì R600a ló wà nínú wọn, iná sì lè gbé ìyẹn.

3. Káfíńtà ni kí ẹ pè. Ẹ tú ìdérí, kó kan férémù pákó sí ẹnu fíríìsà, bíi íǹṣì 6 sókè, kó wá de ìdérí mọ́ férémù yẹn. Ẹ kun pákó náà ní ọ̀dà, ẹ fi sílíkóònù dí gbogbo àlàfo. Ara pákó yìí lẹ máa lu ihò sí fún róbà àti wáyà.

4. Mi ò lo gáàsì. Pọ́ǹpù kékeré tí a ń fi sórí ìgò omi dísípẹ́ńsà, èyí tí a ń ṣáájì, ni mo ń lò. Róbà rẹ̀ gba inú pákó wọ kẹ́ẹ̀gì. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹmu á dà sínú ife. Mi ò ní láti máa ṣí ìdérí fún gbogbo oníbàárà.

5. Ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì pa. Ẹmu tútù ṣì ń hó díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Mo lu ihò tín-ín-rín sí ìdérí kẹ́ẹ̀gì, mo fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ẹni tó bá dé e pinpin, kẹ́ẹ̀gì á wú, á bẹ́.

6. Ẹ fọ róbà àti pọ́ǹpù lójoojúmọ́. Èrò ẹmu àná tó bá kù síbẹ̀ ló ń tètè mú ti òní kan. Omi gbígbóná ni mo fi ń fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà omi lítà 4 tí mo da ṣíbí ńlá kan bílíìṣì tí kò lóòórùn sí. Màá wá fi omi sísè ṣan án dáadáa.

7. Omi á máa sẹ́ sínú fíríìsà, torí kò dì mọ́. Ẹ máa nù ún, kí irin má baà dípẹtà.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò ra èyí tó ní ilẹ̀kùn bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju ti gbígbóná lọ. Tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, á dà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè lẹ ti ṣí i, ìsàlẹ̀ ló máa jókòó sí. Níbi tí iná ọba ti ń lọ tó ń bọ̀, ìyẹn ṣe pàtàkì. Mo tún kó ìgò omi yí kẹ́ẹ̀gì ká kí òtútù lè pẹ́ nínú ẹ̀. Owó iná náà ń kọ́? Láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n gbé Band A lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan, gbogbo wa ló ń ṣírò. Fíríìsà tó ń wá 3 kì í ṣiṣẹ́ tó èyí tó ń wá 18 lábẹ́ òdo.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Bàbá ní kí n máa ṣe. Wọ́n ní, "Tí o bá ń fẹ́ ẹmu tútù, abẹ́ igi ni kí o ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n gba ọ̀rọ̀ sọ lóòótọ́. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó bá ti gbóná dé Ajah, tí ẹ bá gbé e sínú fíríìsà láàárọ̀, àárín rẹ̀ lè má tíì tutù tó tó bá di alẹ́. Gbogbo àkókò yẹn ló ń kan. Nítorí náà, láàárọ̀ kùtù ni mo ń ra yìnyín ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á fún àwọn ẹlẹ́ja. Màá gbé kúlà dé etí àbàtà. Bí Bàbá bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, a ti ń sẹ́ ẹmu sínú kẹ́ẹ̀gì kéékèèké 10 lítà, a ó wá fi yìnyín há a láàárín. Yìnyín ò gbọdọ̀ wọ inú ẹmu, ìta kẹ́ẹ̀gì ló máa wà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ò já mi láyà mọ́.

Ẹ má gbàgbé pé òtútù kì í sọ ẹmu búburú di rere. Kì í tiẹ̀ dá ẹmu dúró, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Tèmi ń dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń le lọ́jọ́ kejì. Èyí tó bá di ọjọ́ kẹta, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé ọjọ́ mẹ́ta ni, ẹni tó fẹ́ kíkan á rà á. NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Benin City láti 1939, máa ń ṣe ẹmu inú ìgò tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀, ìyẹn lè pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹmu tó ṣì ń mí làwọn àgbà ọ̀nà Badore ń bá wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n sì ti ń padà wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta sóbò, kúnnú tàbí wàrà, kọ̀ǹtírólà yìí á wúlò fún yín náà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ọjà bá bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ mọ́tò yín wò, kí ẹ yẹ ṣọ́ọ̀bù yín wò, kí ẹ tó gbé fóònù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ta ayédèrú nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ láìwádìí.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó bi mí, màá dáhùn tí mo bá ti Ẹ̀pẹ́ dé. Ẹni tó bá sì ti ṣe tiẹ̀ lọ́nà mìíràn, kó sọ fún wa ká jọ kọ́ ọ. Ọjà á tà o.