Èémí Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ní ọkọ̀, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ṣì ń retí tiyín, bí mẹkáníìkì bá sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì ti kú, ẹ bi í bí ó ṣe mọ̀.

Ọkọ̀ àtijọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń kérò láti Agége lọ sí Ìkẹjà. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ tí ó ń bá a wà á fẹ́ ti jíà kẹta bọ́ sí ìkẹrin lórí eré. Ìkejì ni ó bọ́ sí. Táyà ni ó wá ń yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì han gooro. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ kò ti lágbára mọ́. Bí ó bá dúró, a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ tú nǹkan kan tí ó fi ní kí a lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ìbá bá a lọ.

Bàbá mẹkáníìkì kan ní Dọ̀pẹmú ni ó ní kí a ṣe sùúrù. Wọ́n yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n já wáyà iná, wọ́n dí ọ̀nà epo, wọ́n wá yí géèjì wọ ihò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n tẹ iná mọ́lẹ̀ pátá, kí n sì máa yí kọ́kọ́rọ́. Sìlíńdà kìíní 150, ìkejì 145, ìkẹrin 150. Ìkẹta, 40 péré. Ẹ̀gbọ́n mi ní bóyá géèjì ni ó bàjẹ́, bàbá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú ìkẹta. Bí ó bá jẹ́ ríǹgì písítìn ni ó jẹ, ọ́ìlì yóò dí àlàfo, géèjì yóò sì gòkè. Kò gòkè. Wọ́n wá gbé písítìn náà dé òkè, níbi tí fáàfù méjèèjì ti gbọ́dọ̀ pa dé, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fọganáísà fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Níhìn-ín ni bàbá ti dákẹ́, tí wọ́n ń dẹ etí. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Bí atẹ́gùn bá ń jáde níbi tí a ń da ọ́ìlì sí, ríǹgì ni; bí ó bá jẹ́ ẹnu kábúrétọ̀, fáàfù tí ń gba atẹ́gùn wọlé ni. Ẹnu sáléńsà ni tiwa ti ń dún: fùùù.

“Èémí rẹ̀ ń jò,” ni bàbá wí. Eré àsápajúdé náà kò jẹ́ kí sípíríǹgì rí àyè fa fáàfù padà. Písítìn lọ bá a lókè, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọ́. (Kíláàsì wa ti jiyàn títí lórí ohun tí à bá máa pe kọ̀ǹpírẹ́ṣàn. Èmi ti mú èémí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá fúnra wọn ń lo méjèèjì.)

Wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n pààrọ̀ fáàfù kan, wọ́n lọ ìjókòó rẹ̀, wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Ní ọjọ́ kẹta, géèjì ka 145 ní sìlíńdà kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i.