Iṣẹ́ Wà Nínú Ìdúró

Ẹ̀yin ará wa ní Okoko, Ìbà àti Ọ̀jọ́, a mọ̀ pé nǹkan ti sú ọ̀pọ̀ yín. Ẹ gbààwẹ̀, ẹ gbàdúrà, síbẹ̀ ọjà ò tà, owó ilé sì ti tó san.

Ẹ rántí ibi tí títì wa yìí já sí: Àgbádárìgì. Oṣù kìíní ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ síbẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, àmọ́ Ṣódẹkẹ́ tó ń retí wọn ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi há síbẹ̀. Wọn ò káwọ́ gbera o! Wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ ọmọ níwèé. Ọ̀nà là ní 1846. Ní Abẹ́òkúta, Crowther rí ìyá rẹ̀, tí oko ẹrú ti yà wọ́n láti 1821.

Ará, a ò lè dá ọjọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ló wà lọ́wọ́ yín ní Àgbádárìgì tiyín? Ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ ka Àìsáyà 40:31 lálẹ́ yìí. Olúwa á fún wa lókun, lórúkọ Jésù. Àmín yín dà?