Ìrìn Kẹ̀kẹ́ láti Cow Lane sí Òkè Aburi

Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, kò sí ẹni tó lè gun kẹ̀kẹ́ fún ìgbádùn ní Cow Lane. Àárín ọjà Accra ni òpópónà náà wà. Àwọn alábàárù ru ẹrù, ọmọlanke ń wá ibi tó máa gbà, ọkọ̀ ń fun fèrè. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àti Hausa ti ń ṣòwò ní àgbègbè yìí láti ìgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí àṣẹ ìjọba Busia ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá kúrò ní Gánà. Àwọn kan kò lọ, àwọn mìíràn sì padà wá.

Ṣùgbọ́n ní aago márùn-ún ìdájí, títì dá. Ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ gun òkè jáde nílé. Yóò gba Legon, níbi tí Yunifásítì Gánà wà, kọjá sí Madina àti Adenta, títí dé Ayi Mensah ní ẹsẹ̀ òkè. Títí dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà gbòòrò, ó sì dán, ṣùgbọ́n ó ń gòkè láìdáwọ́ dúró. Jíà tó kéré jù ni ẹni tó gbọ́n máa lò, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni díje. Bó bá bojú wẹ̀yìn, yóò rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra tó tẹ́ lọ bí ẹní.

Kó tó dé Aburi, yóò kọjá ní Peduase, níbi tí ilé ìgbàlejò ìjọba wà. Ibẹ̀ ni Gowon àti Ojukwu ti pàdé ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù kìíní ọdún 1967, tí Ọ̀gágun Ankrah gbà wọ́n lálejò, láti wá bí ogun kò ṣe ní ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n fẹnu kò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí oníkálukú fi ń túmọ̀ àdéhùn náà bó ṣe wù ú. Nígbà tó fi di oṣù keje ọdún náà, ogun ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Aburi kò ṣàjèjì sí etí ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ ìwọ̀nba ni àwọn tó mọ̀ pé òkè tútù báyìí ni.

Ọgbà Aburi, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1890, ló yẹ kí wọ́n ti sinmi. Ọ̀pẹ gíga tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀. Bí ọmọdé bá wà nínú ìrìn, ẹ fi ọkọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ wọn dé ibí, kí wọ́n máa gùn ún lórí òkè lọ sí Mampong, níbi tí Tetteh Quarshie ti gbin kòkó tó mú wá láti Fernando Po ní ọdún 1879.

Àgbàlagbà tó fẹ́ yí òbírí kò gbọdọ̀ gba Ayi Mensah padà. Sísọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ lágbára, ọkọ̀ ńlá tí bíréèkì rẹ̀ kò mú sì ti ṣekú pani níbẹ̀. Ọ̀nà Nsawam ló dára jù. Òun ló wọ àfonífojì Densu lọ, láàárín oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ̀gẹ́ àti kòkó, níbi tí àwọn ọmọ abúlé ti máa ń sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́. Kí wọ́n yẹ bíréèkì wò kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì dé akoto. Odò Densu kan náà ló ń lọ sí adágún Weija, tí apá ìwọ̀-oòrùn Accra ti ń rí omi ẹ̀rọ mu.

Ní Nsawam, búrẹ́dì ni àwọn obìnrin ń kiri fún èrò ọkọ̀. Títì tó wà láti ibẹ̀ sí Accra kún fún tírélà, kò sì yẹ fún kẹ̀kẹ́. Kí wọ́n wọ ọkọ̀ trotro. Awakọ̀ yóò béèrè owó kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀. Kí wọ́n ná an tán kó tó so ó mọ́ orí ọkọ̀.