Nígbà tí Tíṣà Ń Fi Pankẹ́rẹ́ Kọ́ Wa Lórin

Tíṣà tí ó kọ́ wa lórin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde kò ní dùùrù nínú kíláàsì, kò sì ní ẹ̀rọ kankan. Ìwé gbọọrọ kan ló ní, tí ó máa ń fi kọ́ ara ògiri, àti pankẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lára ìwé náà ni wọ́n to àwọn ohùn sol-fa sí, do, re, mi, fa, so, la, ti, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí pankẹ́rẹ́ bá ti kan do, gbogbo wa á gbé ohùn rẹ̀. Bí ó bá fò lọ sórí so, a ó bá a fò. Nígbà mìíràn, Tíṣà á pa ẹnu rẹ̀ dé pátápátá, kò ní fi ohùn ṣáájú wa mọ́, ọ̀pá nìkan ni yóò máa rìn. Àwa ọmọ ni a ó kọ́kọ́ wá ohùn náà nínú orí ara wa kí a tó la ẹnu. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Pankẹ́rẹ́ kan náà tí ó ń bà wá lẹ́rù ní wákàtí ìṣirò ni a ń fi ayọ̀ tẹ̀ lé ní wákàtí orin.

Ọdún 1955 ni mo wọ ilé-ìwé, ọdún tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ọmọ kún kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ìjọ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé ṣì wà nígbà náà. Ẹni tí ó kọ́ wa láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, òun náà ni yóò jókòó sídìí dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ni yóò sì kó àwọn akọrin jọ ní ìrọ̀lẹ́ láti kọ́ wọn ní orin tí wọn yóò kọ. Kò sí ẹni tí ó gba owó lọ́tọ̀ fún iṣẹ́ orin. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, bíi St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, wọ́n ti kọ́ ọ mọ́ iṣẹ́ wọn.

Ní ilẹ̀ wa, ilé-ìwé àti orin ṣọ́ọ̀ṣì jọ wọlé ni. Ìjẹ̀bú kò tètè gbà wọ́n láyè. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn tí òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892 ni ọ̀nà tó là fún wọn. Nígbà tí ó fi di 1913 tí Ijebu-Ode Grammar School bẹ̀rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ti ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti tí ó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé náà títí di 1932, ilé orin ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Canon J. J. Ransome-Kuti, ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 tí ó kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Lọ́wọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó kọ́ àwọn tíṣà wa ti gba ẹ̀kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ jù lọ nìyí: wákàtí orin yẹn ló jẹ́ kí a mọ èdè wa kọ. Bí ẹ̀kọ́ Yorùbá bá kàn, Tíṣà kì í sọ pé kí a há àmì ohùn sórí. Á kọ ọ̀rọ̀ sí pátákó, á ní, "Ẹ kọ ọ́ lórin." Àmì ìsàlẹ̀ ni dò, àárín ni re, òkè ni mí. Ilé, a ó dáhùn pé re mí. Ìwé, dò mí. Ìjẹ̀bú, dò dò mí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Òkè-Ajé, á kọ orúkọ ọjà ìyá rẹ̀: dò dò re mí. Etí tí pankẹ́rẹ́ ti là ní òwúrọ̀ ló ń kọ àmì ní ọ̀sán. Títí di òní, mi ò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kan láì kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórin nínú ikùn mi.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Ohùn òyìnbó ni ọ̀pọ̀ orin mímọ́ tí a ń kọ, ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ń wọ́ nínú rẹ̀, ohun tí ó yẹ kó ròkè á wálẹ̀, ìtumọ̀ á sì yí. T. K. E. Phillips, tí ó di atẹdùùrù Cathedral Church of Christ ní Èkó ní 1914, jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kọ ìwé kan, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953. Orin tí ó bá ohùn èdè wa mu, ilé ni ó wà: orin inú àlọ́, orin òṣùpá, orin obìtun tí àwọn ìyá wa ń kọ. Níbi tí mo ti kàwé, wọn kò jẹ́ kí ìyẹn wọ kíláàsì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ó ń lọ sí ilé-kéú ní orin wákà tiwọn, a sì ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Bàtílì Àlàkẹ́ gbé wákà yẹn sínú àwo, Haruna Ishola ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó sì gbé àpàlà dé ibi gbogbo, kò sì sí tíṣà kan tí ó kọ orin wọn sí pátákó fún wa. Ó ń dùn mí di òní.

Orin kò sì mọ sí wákàtí orin nìkan. Bí agogo bá lù ní òwúrọ̀, ìlù àti fèrè ni a fi ń yan wọ kíláàsì, ẹsẹ̀ gbogbo wa á dún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún bá ń bọ̀, ọjọ́ tí a ń pè ní Empire Day, kò sí ilé-ìwé tí kì í fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ palẹ̀ mọ́ fún ìyan. Lẹ́yìn òmìnira, ọjọ́ àwọn ọmọdé, kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kan náà, ni ó gbapò rẹ̀.

Báwo ni ẹ̀kọ́ orin ṣe lọ kúrò ní ilé-ìwé? Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, tíṣà àti atẹdùùrù wá di ènìyàn méjì. Ní 1976, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ dé, ọmọ tún ya wọlé, a sì ń gba ẹnikẹ́ni tí ó bá lè di ṣọ́ọ̀kì mú sí iṣẹ́ tíṣà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Grade Two tí ó ń tọ́ tíṣà láti kékeré ti kógbá sílé. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun, wọ́n pa orin, eré àti iṣẹ́ ọ̀nà pọ̀ di ẹ̀kọ́ kan. Tíṣà tí kò mọ orin á ya àwòrán, á sì sọ pé òun ti ṣe é. Mi ò bá a wí, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ́ òun náà. Lónìí, bí ilé-ìwé bá ń ṣe àjọ̀dún, fóònù ni wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn ọmọ á jó sí orin ẹlòmíràn. Ijó wọn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọmọ mi bá gbé iṣẹ́ àmúrelé Yorùbá dé, ibi tí ó bá wù ú ni ó ń fi àmì sí, nítorí kò gbọ́ ohun tí ó ń kọ.

Àwọn atẹdùùrù àtijọ́ ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì lè ka sol-fa lójú oorun. Bí ọ̀gá ilé-ìwé kan bá ránṣẹ́ sí wọn fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, wọn yóò wá. Wọn kò nílò ìwé gbọọrọ, ṣọ́ọ̀kì lè ya á sára pátákó. Kí wọ́n sì jẹ́ kí orin obìtun náà wọlé lọ́tẹ̀ yìí.